Bí A Ṣe Ń Ṣe Àtúpalẹ̀ Ọnà Èdè Nínú Ìwé Ọmọdé Tó Dá Lórí Àìnílé àti Ẹbí

Ọ̀pọ̀ ẹni tí a bá ní kí ó ṣe àtúpalẹ̀ ọnà èdè inú ìwé ìtàn àròsọ ni ó máa ń kọ́kọ́ to àfiwé tààrà, àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ àti ìfohunpènìyàn sílẹ̀, tí yóò wá máa ṣa àpẹẹrẹ wọn kiri inú ìwé. Ọ̀nà yìí kì í gbéni débì kan nínú ìtàn ọmọ tí kò nílé, nítorí pé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í sábà sọ ohun tó ń dùn ún jáde. Orí nǹkan mìíràn ni òǹkọ̀wé máa ń gbé ẹ̀dùn rẹ̀ lé. Bud, Not Buddy ni n óò fi ṣe àpẹẹrẹ, ìwé Christopher Paul Curtis tí ó jáde ní 1999, tí ó sì gba àmì-ẹ̀yẹ Newbery, tí wọ́n ń fún ìwé ọmọdé ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 2000.

Ẹ kọ́kọ́ ka ìwé náà tán láìmú bírò dání, kí ẹ tó wádìí ibùdó ìtàn. Ìlú Flint ní ìpínlẹ̀ Michigan ni ìtàn yìí ti bẹ̀rẹ̀, ní 1936, nígbà tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà ti dẹnu kọlẹ̀. Bud, ọmọ ọdún 10 tí ìyá rẹ̀ ti kú, sá kúrò ní ilé alágbàtọ́, ó sì ń wá Herman E. Calloway, olórí ẹgbẹ́ olórin tí ó gbà pé bàbá òun ni. Ó dé àgọ́ àwọn aláìnílé tí àwọn ènìyàn pè ní Hooverville láti fi bú Hoover, ẹni tí ó jẹ́ Ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà tí ọrọ̀ ajé náà bẹ̀rẹ̀ sí í dẹnu kọlẹ̀, ṣùgbọ́n Bud ti ṣi orúkọ náà gbọ́ sí Hooperville. Ẹni tí kò bá mọ ìtàn Hoover yóò rò pé ẹ̀fẹ̀ lásán ni.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo ẹni tí ń sọ ìtàn. Bud fúnra rẹ̀ ni, èyí tí a ń pè ní ọgbọ́n ìsọ̀tàn ojú-mi-ló-ṣe. Nítorí náà, ẹ máa bi ara yín léèrè ohun tí ọmọ náà rí àti ohun tí ẹ̀yin lóye kọjá tirẹ̀. Inú àlàfo àárín méjèèjì ni iṣẹ́ ọnà náà wà. Nígbà tí àwọn alágbàtọ́ rẹ̀ tì í mọ́nú ahéré, ilé agbọ́n ni ó pè ní àdán tí ń mu ẹ̀jẹ̀, a sì rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ wo òfin 118 nínú àwọn òfin tí ó ṣe fún ara rẹ̀: kí ọmọdé fún àgbà ní ohun tí àgbà náà yóò rò pé òun lè gbà láti fi dùn ún, kí ó má baà gba èyí tí ọmọ náà fẹ́ gan-an. Ohùn ẹ̀fẹ̀ ni ó fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n ta ni ó kọ́ ọmọ ọdún 10 nírú ọgbọ́n yìí?

Ìgbésẹ̀ tí mo kà sí pàtàkì jù ni pé kí ẹ yan ohun kan ṣoṣo, kí ẹ sì máa tọ̀ ọ́ lẹ́yìn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ẹ máa kọ ojú ìwé tí ó ti jẹyọ. Àpótí tí Bud ń gbé kiri ni èmi yóò yàn. Àwọn òkúta tí a kọ ọ̀rọ̀ àti nọ́ńbà sí wà nínú rẹ̀, kò sì mọ ìtumọ̀ wọn. Bí àrokò ni wọ́n rí: ẹni tí ó mọ̀ ọ́n kà nìkan ni ó lè túmọ̀ rẹ̀. Ìgbà tí Calloway ṣa òkúta, tí ó kọ orúkọ ìlú àti ọjọ́ sí i, ni a tó mọ̀ pé ọmọbìnrin rẹ̀ ni ìyá Bud, pé bàbá àgbà ni ọkùnrin tí Bud ń pè ní bàbá. Ẹrù aláìnílé ti di ẹ̀rí ìdílé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni dìde wí àwíyé.

Ẹ má fo orúkọ dá. Ìyá rẹ̀ sọ fún un pé òdòdó tí kò tíì là ni Bud, ìdí nìyí tí kò fi gbà kí a pe òun ní Buddy. Ẹni tí ó mọ̀ pé orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ kò ní nílò àlàyé púpọ̀ níbí.

Bí ẹ bá wá fẹ́ kọ àròkọ yín, ẹ má kọ pé ọnà èdè náà “mú kí ìtàn dùn.” Ẹ sọ ohun tí ó ṣe. Fún àpẹẹrẹ, ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé Bud ní ojú òun kì í sunkún mọ́. Nígbà tí ó jókòó jẹun láàárín àwọn olórin Calloway, tí wọ́n ń bá a ṣeré, ẹkún gbọ̀n ọ́n. Ẹ gbé ibi méjèèjì kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ẹ sì ṣàlàyé ìdí tí ó fi jẹ́ ibi tí ara ti tù ú ni omi ojú ti padà wá.