Bí Ẹ Ṣe Lè Gbádùn Òde Orin Rọ́ọ̀kì ní Gbọ̀ngàn Kékeré

Gbọ̀ngàn 100 Club tó wà lábẹ́ ilẹ̀ ní Oxford Street, Lọ́ńdọ̀nù, kò gbà ju nǹkan bí èèyàn 350 lọ. Sípíkà sún mọ́ yín gan-an níbẹ̀, torí náà etí ni kí ẹ kọ́kọ́ tọ́jú. Tí ariwo bá ti tó decibel 100, ìṣẹ́jú 15 ti tó láti ṣe etí tí kò ní ààbò ní jàǹbá.

Ẹ ra fóòmù tí wọ́n fi ń dí etí. Ẹ fi ìka yí i títí yóò fi tín-ín-rín, ẹ gbé ọwọ́ kejì gba ẹ̀yìn orí, ẹ fa etí sókè, ẹ tì í wọlé, kí ẹ sì dì í mú fún ìṣẹ́jú àáyá 30 kó lè wú. Bí ẹ bá tètè fi í sílẹ̀, á yọ jáde.

Bàtà tó bo ọmọ ìka ẹsẹ̀ ni kí ẹ wọ̀. Ẹ ta okùn rẹ̀ ní kókó méjì.

Iwájú pèpéle ni àwọn tó ń jó ti ń fara gbá ara wọn, ibẹ̀ ló sì dùn jù. Ẹ ká apá síwájú àyà bí ẹni tó gbé ọmọ mọ́ra, kí ẹ lè ráyè mí. Tí ẹnìkan bá ṣubú, ẹ mú un lábẹ́ apá, ẹ gbé e dìde lójú ẹsẹ̀, ìbáà jẹ́ orin tí ẹ fẹ́ràn jù ni wọ́n ń kọ. Bí ẹ bá fẹ́ jáde, ẹ má ṣe ta ko èrò. Ẹ máa yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Lóru Jímọ̀ àti Sátidé, Central line, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ Lọ́ńdọ̀nù tó ń gba Oxford Street kọjá, ń ṣiṣẹ́ mọ́jú. Lọ́jọ́ tó kù, ẹ wo àkókò ọkọ̀ tó kẹ́yìn kí ẹ tó kúrò nílé.