Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nígbà tí iná àti sẹ́ńsọ̀ dróònù bá ń ṣe ségesège

Nígbà tí dróònù bá kọ̀ tí kò gbéra, tàbí tí ó gbéra tán tí ó wá ń yí lọ yí bọ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ọ̀pá ìdarí rẹ̀, gbólóhùn tí a sábà máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tí wọ́n ń fi í ṣeré ní Òṣogbo ni pé: "Ẹ̀gbọ́n, sẹ́ńsọ̀ ẹ̀ ló ti kú." Ìdájọ́ yẹn máa ń yá jù. Iná inú bátìrì ni gbogbo sẹ́ńsọ̀ (àwọn ẹ̀yà kékeré tí ó ń mọ ibi tí dróònù wà àti bí ó ṣe ń yí) ń lò, bí iná náà kò bá sì dúró sójú kan, kò sí bí ohun tí sẹ́ńsọ̀ ń sọ fún bọ́ọ̀dù ìdarí, tí ó jẹ́ ọpọlọ dróònù, yóò ṣe ṣeé gbà gbọ́. Nítorí náà, àṣìṣe tí mo kà sí èyí tí ó ń jẹ owó jù lọ ni kí ènìyàn ra GPS (ẹ̀rọ tí ó ń sọ ibi tí dróònù wà) tàbí bọ́ọ̀dù tuntun láìtíì fi mítà wọn iná tí ó ń dé ibẹ̀.

Àwọn tí wọ́n tilẹ̀ ń wọn iná, púpọ̀ nínú wọn ni ó ń wọ̀n ọ́n ní àsìkò tí kò yẹ. Sẹ́ẹ̀lì kan nínú bátìrì LiPo, irú èyí tí ọ̀pọ̀ dróònù ń lò, máa ń jẹ́ fóòtì 4.2 nígbà tí ó bá kún. Bátìrì oní-sẹ́ẹ̀lì mẹ́ta yóò jẹ́ 12.6. Wọ́n á gbé e sórí tábìlì, mítà á fi 12.5 hàn, wọ́n á sì gbà pé bátìrì kò lẹ́bi. Ṣùgbọ́n lórí tábìlì, kò sí ohun tí ó ń fa iná náà. Ẹni tí ó bá ti ki áyọ́ọ̀nù ìlọṣọ bọ jẹnẹrétọ̀ kékeré rí mọ bí gbogbo gílóòbù ilé ṣe máa ń rẹ̀wẹ̀sì lẹ́ẹ̀kan náà: bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni bátìrì tí ó ti gbó ṣe máa ń rẹlẹ̀ nígbà tí mọ́tò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá jọ fà á. Bí ó bá rẹlẹ̀ jù, tàbí tí ojú ìsopọ̀ kan bá já fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú àáyá kan péré, bọ́ọ̀dù lè kú kí ó sì tún jí lójú òfurufú, ẹni tí ó wà nílẹ̀ á sì máa bú sẹ́ńsọ̀.

Ìgbà tí ó ń ṣiṣẹ́ ni kí ẹ wọ̀n ọ́n. Ẹ gbé dróònù sókè kí ó ga tó ènìyàn, kí ẹ máa wo iye fóòtì tí ó ń fi hàn lójú fóònù, tàbí kí ẹ ka àkọsílẹ̀ inú bọ́ọ̀dù lẹ́yìn tí ó bá balẹ̀. Bí sẹ́ẹ̀lì tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kún bá já sí ìsàlẹ̀ 3.3 ní kété tí ẹ mú kí mọ́tò sáré sí i, yálà bátìrì ti gbó, tàbí ojú ìsopọ̀ kan kò dára. Láti mọ èyí tí ó jẹ́ nínú méjèèjì, ẹ yọ bátìrì, kí ẹ sì rọra fọwọ́ kan XT60 (ẹnu tí a fi ń so bátìrì mọ́ dróònù) àti wáyà tí a fi lẹ́ẹ̀dì jó mọ́ ọn; bí ibẹ̀ bá gbóná ju ibòmíràn lọ, ibẹ̀ ni iná ti ń ṣòfò. Ó sábà máa ń jẹ́ pé irin ìjólẹ́ẹ̀dì kékeré tí agbára rẹ̀ kò ju wọ́ọ̀tì 25 lọ ni wọ́n fi jó o. Irin bẹ́ẹ̀ tó fún wáyà tín-ín-rín inú rédíò, ṣùgbọ́n kò lè mú wáyà bátìrì tí ó nípọn gbóná dé inú: lẹ́ẹ̀dì á kàn jókòó lé e lórí, yóò dà bí ẹni pé ó mú, kò sì mú.

Ẹ má sì gba iye fóòtì tí bọ́ọ̀dù ń sọ gbọ́ láìfi wé ti mítà. Bí bọ́ọ̀dù bá ń kà 11.8 nígbà tí òótọ́ jẹ́ 11.2, ìkìlọ̀ pé bátìrì ti ń tán yóò dé nígbà tí ó ti pẹ́ jù.

Àṣìṣe mìíràn ni kí ènìyàn jó wáyà tán kí ó sì so bátìrì mọ́ ọn lójú ẹsẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ yọ abẹ̀bẹ̀ gbogbo. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé mítà sí ibi tí ó ti ń dún, kí ẹ fi kan ẹnu méjèèjì XT60 tí ó wà lára dróònù. Bí ó bá dún ṣókí tí ó sì dákẹ́, kapásítọ̀ (ẹ̀yà tí ó ń tọ́jú iná díẹ̀ pamọ́) ni ó ń gba iná díẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá ń dún láìdákẹ́, wáyà méjì ti pàdé níbi kan. Bí ó bá dákẹ́ pàápàá, ẹ fi gílóòbù ẹ̀yìn ọkọ̀ olófóòtì 12 sáàárín bátìrì oní-sẹ́ẹ̀lì mẹ́ta àti dróònù ní ìgbà àkọ́kọ́. Bí gílóòbù bá tàn yòò tí kò kú, ẹ tètè yọ ọ́, nítorí gílóòbù ni ó gba ohun tí ìbá jó ESC, ẹ̀yà tí ó ń pín iná fún mọ́tò. Kò sí irinṣẹ́ tí owó rẹ̀ kéré tó yìí tí ó ń gba ẹrù tó bẹ́ẹ̀ là, ọ̀dọ̀ àwọn rewáyà tí wọ́n ń tún iná ọkọ̀ ṣe ni ẹ sì ti lè rà á.

Àwọn kan máa ń so dróònù mọ́ kọ̀ǹpútà pẹ̀lú wáyà USB nìkan, wọn kò rí GPS, wọ́n sì ní ó ti bàjẹ́. Nínú ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù, ojú tí GPS ti ń gba fóòtì 5 kì í níná àfi tí bátìrì bá wà níbẹ̀. Ẹ so bátìrì, kí ẹ wọn ojú ibẹ̀, kí ẹ tó dá GPS lẹ́bi.

Kọ́ńpáàsì ni ó ń jìyà àṣìṣe jù lọ. Bí dróònù bá ń yí róbótó tí òbìrípo náà sì ń gbòòrò sí i nígbà tí a ní kí ó dúró sójú kan, kọ́ńpáàsì ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí, ṣùgbọ́n kí ẹ máa kálíbréètì rẹ̀ (kí ẹ máa tún ìtọ́ka rẹ̀ ṣètò) léraléra kì í ṣe oògùn. Ibi tí wọ́n ti ń ṣe é gan-an ni ó máa ń ba iṣẹ́ jẹ́: orí òkè ilé alápètéèsì tí ọ̀pá irin kún inú kọnkéré rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ géètì, orí bútù ọkọ̀, tàbí itòsí ojú irin rélùwéè tí ó gba àárín ìlú wa kọjá. Ẹ lọ sí pápá gbalasa, kí ẹ sì yọ fóònù kúrò lápò. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò tún mọ̀ ni pé wáyà tí iná púpọ̀ ń gbà kọjá máa ń ṣe bí mágínẹ́ẹ̀tì; bí wáyà bátìrì bá gba abẹ́ GPS tí kọ́ńpáàsì wà nínú rẹ̀ kọjá, ìtọ́ka yóò máa yẹ̀ bí mọ́tò bá ṣe ń sáré sí. Ẹ lọ́ wáyà pupa àti dúdú pọ̀ mọ́ra wọn, kí ẹ sì gbé GPS sókè lórí ọ̀pá. ArduPilot, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń darí dróònù, ní àyẹ̀wò kan tí ó ń fi bí ìtọ́ka ṣe ń yẹ̀ nítorí iná mọ́tò hàn. Ẹ lò ó.

Ẹ má mi dróònù nígbà tí ó ń jí, nítorí ìgbà yẹn ni jáírò (sẹ́ńsọ̀ tí ó ń mọ bí dróònù ṣe ń yí) ń kọ́ ohun tí ó ń jẹ́ ìdúróṣinṣin. Ẹ fi fóòmù rírọ̀ bo bàrómítà (sẹ́ńsọ̀ tí ó ń fi ipá afẹ́fẹ́ mọ bí dróònù ṣe ga tó), kí atẹ́gùn abẹ̀bẹ̀ àti oòrùn má baà tàn án jẹ. Bí dróònù bá sì ń dá gòkè fúnra rẹ̀, ẹ wo abẹ̀bẹ̀ tí ó tẹ̀ kí ẹ tó wo sẹ́ńsọ̀, nítorí ó ń fa ìgbọ̀nrìrì tí ó ń tan sẹ́ńsọ̀ jẹ: nínú àkọsílẹ̀ ArduPilot, ìgbọ̀nrìrì tí kò bá kọjá 30 m/s² kì í ṣe nǹkan, ṣùgbọ́n tí ó bá kọjá 60, wàhálà kò jìnnà.

Òṣogbo ni ibùdó tí wọ́n ti ń darí iná mànàmáná gbogbo orílẹ̀-èdè yìí wà, síbẹ̀ iná ilé wa kì í pẹ́ kí ó tó lọ. Èyí ni ó ń mú kí ọ̀pọ̀ gbé iná tí ṣájà ń tì sínú bátìrì sókè jù ní kété tí iná bá dé. Bátìrì 2200 mAh kò yẹ kí ó gbà ju áńpù 2.2 lọ, àyàfi tí ẹni tí ó ṣe é bá kọ ọ́ sára rẹ̀ pé ó lè gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tí ẹ kò ní í lò fún ìgbà díẹ̀, ẹ jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ wà ní fóòtì 3.8, ẹ má sì fi í sínú ọkọ̀ tí oòrùn ń pa. Èyí tí ó bá ti wú, ẹ má fi fò mọ́, ẹ má sì gún un.

Bí ẹ bá ń tún un ṣe, ẹ má pààrọ̀ ju ohun kan lọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tí ó pààrọ̀ bátìrì, tí ó gbé GPS síbòmíràn, tí ó sì kálíbréètì kọ́ńpáàsì lọ́jọ́ kan náà kò lè sọ èyí tí ó wo dróònù sàn. Ẹ má sì dán an wò níbi tí èrò pọ̀ sí, pàápàá ní oṣù kẹjọ tí ọdún Ọ̀ṣun máa ń kó gbogbo ayé wá sí ìlú. Ẹ lọ síbi tí kò sí ènìyàn, ẹ jẹ́ kí ó dúró lókè fún ìṣẹ́jú kan, ẹ mú un balẹ̀, ẹ yọ bátìrì, kí ẹ sì fọwọ́ kan mọ́tò àti ESC kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ó bá gbóná ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ni kí ẹ tún yẹ̀ wò kí ó tó tún gbéra.