Ẹ wo abọ́ tánganran yín dáadáa kí ẹ tó yàwòrán rẹ̀

Ohun tí à ń lò lójoojúmọ́ ló ṣòro yà jù, torí ọwọ́ wa ti fẹ́ ya ohun tí a mọ̀ kí ojú wa tó wò ó.

Ẹ mú nǹkan mẹ́ta nílé ìdáná: igbá, abọ́ tánganran funfun tí etí rẹ̀ jẹ́ búlúù, àti tòmátì kan. Igbá kì í dán, tánganran ń dán, tòmátì wà láàárín méjèèjì. Bí gbogbo wọn bá ń dán, ojú kò ní mọ èyí tí yóò wò. Giorgio Morandi, ayàwòrán ará Ítálì tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ya ìgò, tiẹ̀ máa ń kun àwọn ìgò rẹ̀ kí wọ́n má baà dán.

Ẹ gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé kan ṣoṣo, kí ẹ sì pa iná àjà, torí ìmọ́lẹ̀ méjì á bí òjìji méjì. Kí abọ́ bo igbá díẹ̀.

Kánfáàsì 30 sí 40 sẹ̀ǹtímítà ti tó. Ẹ fi pẹ́ńsùlù fa òjìji pẹ̀lú lójú ẹsẹ̀; oòrùn á sún un láìpẹ́, ẹ má sì bá a sáré.

Ẹnu abọ́ ló ń tú ọ̀pọ̀ wa fó. Apá òsì àti ọ̀tún rẹ̀ kì í ṣóńṣó bí orí ewé, ṣe ló ń yípo. Ìdí abọ́ náà sì tẹ̀ ju ẹnu rẹ̀ lọ, torí ìdí ló jìnnà sí ojú wa jù nísàlẹ̀. Ẹni tó bá fa ìdí gbọnrangandan, abọ́ rẹ̀ á fẹ́ yí dànù.

Ó wá ku àwọ̀. Ẹ pa ojú dé díẹ̀, bí ẹni tó ń wo oòrùn. Apá abọ́ tó kọjú sí fèrèsé nìkan ló funfun. Ẹ̀yìn rẹ̀ rí bí eérú tó ní búlúù nínú, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó kọjú sí tòmátì sì ti gba pupa díẹ̀. Fún àwọ̀ eérú yìí, ẹ fi ultramarine (ọ̀dà búlúù) àti burnt umber (ọ̀dà búráwùn) kín-ún sínú funfun. Àwọ̀ méjì yìí náà ni kí ẹ pò fún dúdú, torí dúdú inú túùbù máa ń sọ òjìji di ihò. Ibi tó ṣókùnkùn jù ni ìlà tín-ínrín tí ìdí abọ́ ti kan tábìlì. Láìsí i, abọ́ á léfòó.

Ọ̀dà acrylic, èyí tí à ń fi omi pò, ń ṣú sí i bó bá gbẹ, ẹ pò ó kó mọ́lẹ̀ díẹ̀ ju ohun tí ẹ rí. Tòmátì ni kí ẹ kọ́kọ́ parí kó tó hunjọ. Ibi tí tánganran ti hó, tí irin dúdú ti yọjú, ẹ má fo ó. Ẹ̀yìn gbogbo rẹ̀ ni kí ẹ tó fi funfun gidi kan etí abọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, kó má ju hóró ìrẹsì lọ.