Ẹ má tíì sanwó oṣù mẹ́fà fún chiropractor

Ẹ̀yin ará wa ní Amẹ́ríkà àti Ìlú Ọba, bí ẹ̀yìn bá ń ro yín, tí chiropractor, ìyẹn ẹni tó ń fi ọwọ́ tọ́jú eegun ẹ̀yìn, bá gbé ìwé ìtọ́jú oṣù mẹ́fà síwájú yín lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ má tíì fọwọ́ sí i. Ẹ ní ẹ fẹ́ fi ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 dán an wò ná, kí ẹ máa sanwó bí ẹ bá ṣe ń lọ. Kó tó fọwọ́ kàn yín, ẹ jọ kọ ohun tó yẹ kó yí padà sílẹ̀, ohun tó ṣeé fojú rí: kí ẹ lè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wọ bàtà, kí ẹ lè wakọ̀ fún wákàtí kan, kí ẹ sùn mọ́jú. Bí àsìkò bá pé tí kò sí ìyípadà, ẹ dá a dúró. Ẹ̀yìn ríro tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sábà máa ń rọlẹ̀ fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ta ló wá lè mọ̀ lọ́jọ́ kìíní pé ìgbà 40 ni ẹ máa lọ gba ìtọ́jú? Medicare tí ìjọba Amẹ́ríkà fi ń tọ́jú àgbàlagbà gan-an kì í sanwó bí ìtọ́jú náà kò bá mú ara sàn sí i mọ́. Ìlànà NICE, àjọ tó ń gbé ìlànà ìtọ́jú kalẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sì ní kí eré ìdárayá máa bá ìtọ́jú tí wọ́n ń fi ọwọ́ ṣe bẹ́ẹ̀ rìn. Ẹni tí kò bá kọ́ yín ní èyí tí ẹ lè dá ṣe nílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá a lọ jìnnà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lágbára mọ́, tí abẹ́ rẹ̀ kú tí kò mọ ìfọwọ́kàn, tàbí tí kò lè mú ìtọ̀ dúró, kó má dán nǹkan kan wò o: ọsibítù ni kó gbà lọ lójú ẹsẹ̀.