Fóònù Tó Bàjẹ́: Ká Tún Un Ṣe ni, àbí Ká Ra Òmíràn?

"Ẹnjiníà, èló lẹ máa tún un ṣe?" Ìbéèrè tí àwọn oníbàárà fi ń wọlé tọ̀ mí wá ní ṣọ́ọ̀bù mi n'Íbàdàn nìyẹn, ẹlòmíràn kò tíì kí mi tán. N kì í tètè dárúkọ owó. Èmi náà á bi wọ́n pé: kí ló ń ṣe fóònù yìí, ìgbà wo ló ti bẹ̀rẹ̀, èló lẹ sì rò pé wọ́n máa rà á lọ́wọ́ yín lónìí ká ní kò ní nǹkan kan tó ń ṣe é? Ẹni tó bá lè dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ ohun tó yẹ kó ṣe.

Ọ̀rọ̀ yìí ti wá le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Dọ́là la fi ń ra fóònù àti ẹ̀yà ara rẹ̀ wọlé. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ìjọba ní kí náírà lọ wá iye tirẹ̀ lọ́jà. Dọ́là kan tó jẹ́ nǹkan bíi náírà 470 ní ọjà ìjọba nígbà náà ti kọjá náírà 1,500 kí ọdún 2024 tó parí. Fóònù tí èèyàn ì bá ti sọ sí kọ̀rọ̀ torí pé ojú rẹ̀ fọ́, wọ́n ti ń gbé e wá fún wa báyìí, inú mi sì ń dùn sí i. Ohun tó ń dùn mí ni ti àwọn tó ń kó owó lé fóònù tó ti kú tán. Owó ilé ìwé ọmọ ni nígbà mìíràn, mo sì mọ̀ ọ́n lójú wọn bí wọ́n ṣe ń kà á.

Ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé ó bàjẹ́ lóòótọ́

Fóònù tí kò gba ṣájà mọ́ ló pọ̀ jù nínú èyí tí wọ́n ń gbé wá, ìdọ̀tí lásán ló sì ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú wọn. Àwọn ìyá aláṣọ tó ń ti Gbági wá ni tiwọn máa ń kún jù, torí òwú ń fò káàkiri ṣọ́ọ̀bù wọn láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ẹ pa fóònù náà. Ẹ tan iná tọ́ọ̀ṣì sí ẹnu ibi tí ṣájà ń wọ̀. Tó bá jẹ́ ti Type-C, èyí tí orí okùn rẹ̀ ń wọlé lójú méjèèjì, ẹ máa rí ahọ́n pẹlẹbẹ kan láàárín: ara rẹ̀ ni iná ń gbà wọlé, ẹ má fọwọ́ líle kàn án. Ẹ wá mú igi ìtayín, kì í ṣe abẹ́rẹ́, ẹ gba ẹ̀gbẹ́ ahọ́n yẹn wọlé títí dé ìsàlẹ̀, kí ẹ sì máa wa ohun tó wà níbẹ̀ bọ̀ síta díẹ̀díẹ̀. Ohun tó máa jáde lè yà yín lẹ́nu: òwú tó ti dúdú, tí orí okùn ṣájà ń tì mọ́lẹ̀ lójoojúmọ́ títí tó fi le bí èèpá ìdí ìkòkò ìrẹsì. Tó bá ti kúrò, okùn ṣájà á wọlé tán, kò ní máa mì dirodiro mọ́. Èmi kì í gbowó iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Bí kò bá sí ìdọ̀tí níbẹ̀, ẹ yá okùn àti orí ṣájà ẹlòmíràn, kí ẹ dán an wò kí ẹ tó dá fóònù lẹ́bi. Bí netiwọ́ọ̀kì bá ń lọ tó ń bọ̀, ẹ fi síìmù náà sínú fóònù mìíràn, bóyá síìmù ló ti gbó.

Fóònù tó ń falẹ̀, tó ń dúró gbagidi lójú kan, ẹ lọ sí Settings, ẹ wo àyè tó ṣẹ́ kù ní Storage. Fídíò òwúrọ̀ ẹ káàárọ̀ àti ti ìyàwó òun ìkómọ tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí gúrúùpù WhatsApp ló máa ń jẹ ibẹ̀ tán. Inú WhatsApp fúnra rẹ̀, ní Storage and data, ibì kan wà tí wọ́n kọ Manage storage sí, á fi èyí tó wúwo jù hàn yín kí ẹ lè pa á rẹ́. Mo ti rí ẹni tó ti ń náwó fóònù tuntun lọ́jà, tó jẹ́ pé àyè lásán ni tirẹ̀ ń wá.

Ẹ̀yà ara ló bàjẹ́ ni, àbí bọ́ọ̀dù?

Ibí yìí ni ààlà gan-an. Bátìrì, ojú, ẹnu ṣájà, sípíkà, ẹ̀yìn: ẹ̀yà ara tó ṣeé yọ ni gbogbo wọn, a máa yọ èyí tó bàjẹ́, a máa fi òmíràn sí i, fóònù á sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Bọ́ọ̀dù yàtọ̀. Orí rẹ̀ ni ọpọlọ àti ìrántí fóònù wà, tó bá sì ti ń ṣàìsàn, ẹni tó bá fọwọ́ sọ̀yà fún yín pé kò ní tún bàjẹ́ mọ́, ẹ rọra gbà á gbọ́.

Bátìrì kì í ṣe ìdí láti ra fóònù tuntun rárá. Bó ṣe ń gba iná tó sì ń lò ó tán ló ń gbó, bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Apple fúnra rẹ̀ sọ pé bátìrì iPhone 14 àtàwọn tó ṣáájú rẹ̀, wọ́n ṣe é kó ṣì ní ìdá 80 nínú 100 agbára rẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti gba iná kún lẹ́ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Ti iPhone 15, ẹgbẹ̀rún ìgbà. Ẹni tó ń ṣájì lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́ á dé 500 láàárín ọdún kan àbọ̀. Torí náà, fóònù ọlọ́dún méjì tó ń kú ní ọ̀sán, bátìrì ló ń tọrọ. Kìkì pé kí ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi èyí tí owó rẹ̀ kéré jù lọ sí i.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí i pé ẹ̀yìn fóònù ń là, tàbí ojú rẹ̀ ń gbéra sókè, bátìrì ti wú nìyẹn. Ẹ yọ ọ́ kúrò lára iná lójú ẹsẹ̀, ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó lè pa dé, ẹ má gún un, ẹ má sì gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì sùn. Ó lè gbiná. Ẹ gbé e wá lọ́jọ́ yẹn gan-an, ẹ má sì jù ú síbi tí wọ́n ń sun pàǹtí.

Ojú fóònù ló ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwa àti oníbàárà, ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Bó bá jẹ́ gíláàsì òkè nìkan ló sán, tí àwòrán ṣì mọ́ kedere, tí ó sì ń gbọ́ bí ẹ bá fọwọ́ kàn án, kò sí kánjúkánjú. Ẹ lẹ rọ́bà mọ́ ọn kó má bàa gé yín lọ́wọ́, kí ẹ máa lò ó. Bí ó bá ti ní àwọ̀ dúdú tó ń tàn kálẹ̀ bíi yíǹkì, tàbí ìlà aláwọ̀ ewé láti òkè dé ìsàlẹ̀, odindi ojú ni ẹ máa pààrọ̀. Ẹ wá béèrè bóyá LCD ni tàbí AMOLED, oríṣi ojú fóònù méjì tó wọ́pọ̀ nìyẹn. AMOLED wọ́n, ó lè gba ìdajì owó fóònù náà tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn kan á fi LCD sí ibi tí AMOLED wà kí owó lè wálẹ̀, wọn ò ní sọ fún yín. Bí fóònù yín bá jẹ́ èyí tí a ń tẹ ìka lé ojú rẹ̀ láti ṣí i, ìka yẹn ò ní ṣiṣẹ́ mọ́ lórí LCD. Ẹ béèrè kí wọ́n tó tú u.

Èyí tó bọ́ sómi ńkọ́? Ẹ pa á, ẹ yọ síìmù, ẹ má fi sí iná, ẹ má fi sínú ìrẹsì. Ní ọdún 2024, Apple kìlọ̀ pé ìrẹsì lè sọ ẹ̀rún sínú fóònù. Yàtọ̀ sí ìyẹn, kò lè fa omi tó wà lábẹ́ ìbòrí irin orí bọ́ọ̀dù. Kíá ni kí ẹ gbé e wá. Bí mo bá ṣí fóònù tó ti bọ́ sínú bàsíà láti bí ọ̀sẹ̀ méjì, tí wọ́n sì ti ń ṣájì rẹ̀ látìgbà náà, mo máa ń rí nǹkan aláwọ̀ ewé tó ti hù sí ìdí àwọn ẹsẹ̀ kékeré orí bọ́ọ̀dù, ibòmíràn á ti funfun bí ẹfun. A lè fọ̀ ọ́, ó sì lè tàn. Ìmọ̀ràn mi lórí irú rẹ̀ ni pé kí ẹ sanwó kí a fi jí i tó láti kó àwòrán àti nọ́ńbà yín jáde, kí ẹ sì lọ wá òmíràn. Ìpáàrà yẹn kò ní dúró. Oṣù tó ń bọ̀, ibòmíràn lára rẹ̀ á kú.

Bákan náà ni bọ́ọ̀dù tí ẹni méjì ti fi iná sun láti tún un ṣe ṣáájú mi. N kì í gbà á, àfi tí fóònù náà bá jẹ́ olówó ńlá.

Ìṣirò rẹ̀

Iye tí ẹ rà á kò kan ọ̀rọ̀ yìí mọ́. Ẹ wọ ọjà, ẹ béèrè iye tí wọ́n ń ta irú rẹ̀ ní tokunbo lónìí, iye yẹn ni ẹ máa fi díwọ̀n. Bí owó àtúnṣe kò bá tó ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀, ẹ tún un ṣe. Bó bá ti kọjá ìdajì, ẹ fi sílẹ̀. Láàárín méjèèjì, ẹ wo ohun mìíràn tó tún ń ṣe é. Ká ní irú fóònù yín jẹ́ 120,000 lọ́jà: bátìrì 18,000, ẹ má rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ojú 50,000, ó ṣì ṣeé gbọ́. Ṣùgbọ́n ojú 50,000 pẹ̀lú bátìrì tó ti rẹ̀, tí ẹnu ṣájà rẹ̀ náà ń ṣe ségesège, ìyẹn ti kọjá 70,000. Gbogbo rẹ̀ pọ̀ ni kí ẹ rò, torí èyí tó kù ń bọ̀.

Ẹ tún wo ọjọ́ orí rẹ̀. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2023, WhatsApp kò ṣiṣẹ́ lórí Android tó kéré sí 5 mọ́. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2025, kò ṣiṣẹ́ mọ́ lórí iOS, ètò tó ń darí iPhone, tó bá kéré sí 15.1. iPhone 6 kò lè dé ibẹ̀ láé. Oníṣòwò tó ń tajà lórí WhatsApp tó wá ń tún ojú iPhone 6 ṣe, owó rẹ̀ wọmi. Lórí Android, ẹ wo About phone, ẹ máa rí ọjọ́ tí àtúnṣe ààbò rẹ̀ dé gbẹ̀yìn. Bó bá ti ju ọdún mẹ́ta lọ, ẹ má fi ápù báǹkì síbẹ̀, kódà bí ara rẹ̀ bá le. Àwọn kan ń pẹ́: Samsung ṣèlérí àtúnṣe ààbò ọdún méje fún Galaxy S24, Google náà ṣe bẹ́ẹ̀ fún Pixel 8. Irú wọn yẹ fún owó àtúnṣe tó pọ̀ díẹ̀.

Kí ẹ tó fi fóònù lé wa lọ́wọ́

Bí kò bá tíì pé ọdún kan, ẹ wá rísíìtì. Bó bá jẹ́ Tecno, Infinix tàbí itel, Carlcare, ilé iṣẹ́ àtúnṣe tiwọn, ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ. Bí irú wa bá ti tú u, ẹ lè pàdánù ẹ̀tọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ tí ẹ ní.

Ẹ yọ síìmù àti mẹ́mórì. Ẹ tẹ *#06#, kí ẹ kọ nọ́ńbà IMEI, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ fóònù náà, tó bá jáde sínú ìwé. Ẹ ní kí wọ́n kó ògbólógbòó ẹ̀yà ara tí wọ́n yọ fún yín, kí ẹ sì dán ìpè, kámẹ́rà àti ṣájà wò níbẹ̀ kí ẹ tó sanwó tán.

Bó bá sì jẹ́ pé ẹ máa ra òmíràn, tí ó jẹ́ tokunbo, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á pa gbogbo nǹkan inú rẹ̀ rẹ́ lójú yín, kó tún un tàn. Bó bá ń béèrè ímeèlì ẹlòmíràn, ẹ dá a padà fún un. Èyí tí ẹ ń fi sílẹ̀ náà, ẹ yọ àkáǹtì Google yín kúrò kí ẹ tó pa ohun inú rẹ̀ rẹ́. Ẹ má sì fún ẹnikẹ́ni lọ́fẹ̀ẹ́ torí pé bọ́ọ̀dù rẹ̀ kú. Bí ojú rẹ̀ bá ṣì mọ́, tí kámẹ́rà rẹ̀ ṣì dára, àwa alátùn-únṣe ń wá wọn. Ẹ béèrè iye rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni méjì, ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ sì fi owó náà kún ti tuntun.