Ọ̀sẹ̀ Mẹ́rin Kí Iléèwé Tó Wọlé

Oṣù kẹta ni lẹ́tà náà dé. Iléèwé gíga kan tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ ọnà níhìn-ín ní Philadelphia ní kí n wá bá àwọn darí yàrá iṣẹ́ nínú ètò ìgbà ooru tí wọ́n ń ṣe fún àwọn ọmọ Aláwọ̀dúdú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba àyè. Bridge ni gbogbo èèyàn ń pè é, afárá náà sì ni lóòótọ́: àwọn ọmọ yìí ti kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ girama, wọn kò sì tíì wọ yunifásítì. Ọmọ 13, ọ̀sẹ̀ 4, láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀yin ará ilé tí ẹ ń bi mí lórí WhatsApp pé kí ló gbé mi pamọ́ ní gbogbo oṣù keje, ẹ jókòó, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe lọ.

Aládìrẹ ni mí. Ẹ̀yìn Ìtòkú ní Abẹ́òkúta ni mo dàgbà sí, ìdí ìkòkò aró ìyá ìyá mi sì ni mo ti la ojú. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Amẹ́ríkà tí mo wọ iléèwé, ní ìlú mìíràn, mo gbé àdìrẹ ẹlẹ́kọ kan tí mo fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣe, aṣọ tí a fi ìyẹ́ adìẹ àti ẹ̀kọ láfún ya àmì sí kí aró má baà wọ ibẹ̀, síwájú olùkọ́ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi. Olùkọ́ náà wò ó, ó ní ẹ̀ṣọ́ lásán ni, ó bọ́ sídìí iṣẹ́ ẹlòmíràn. Mo mọ ohun tí àmì kọ̀ọ̀kan inú aṣọ yẹn ń wí, àmọ́ n kò mọ bí wọ́n ṣe ń dúró sọ ọ́ níbẹ̀. Odidi ọdún kan ni mo fi dákẹ́ ní kíláàsì lẹ́yìn ọjọ́ náà. Ìdí nìyẹn tí mo fi gba iṣẹ́ yìí. Mo pinnu pé ọmọ kankan kò ní kúrò lọ́dọ̀ mi láìmọ bí èèyàn ṣe ń fi ẹnu ara rẹ̀ gbèjà iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ọwọ́ wọn ti dá múṣémúṣé tẹ́lẹ̀. Ọwọ́ ọ̀hún ló kúkú gba àyè fún wọn.

Mo kọ́kọ́ wá èròjà. Láfún kò nira, àwọn ìsọ̀ ará Áfíríkà tó wà ní Woodland Avenue ń tà á. Ìyẹ́ adìẹ ni mo rìn fún. Ibi kan tí wọ́n ti ń ta adìẹ ààyè ni mo ti rí i gbà, mo fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́, mo sá a, mo sì ṣa àwọn tó gùn tó sì gan nínú ìyẹ́ apá. Aró ló gba àròjinlẹ̀. Nílé, omi eérú ni ìyá àgbà mi ń lò, èlú tí wọ́n gún tí wọ́n sì sá ni wọ́n ń kó sínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ aláró ìsinsìnyí ti ń lo kọ́sítíìkì sódà. Ẹni tó ń mójú tó ààbò ní iléèwé náà ní òun kò lè jẹ́ kí kọ́sítíìkì wọ yàrá tí àwọn ọmọ ọdún 18 wà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì tọ̀nà. Ohun tí a lò ni ìyẹ̀fun aró ìwọ̀n 1, calcium hydroxide (ìyẹ̀fun funfun bí ẹfun) ìwọ̀n 2, ṣúgà èso ìwọ̀n 3. A dà wọ́n sínú omi gbígbóná, a rò wọ́n pọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, a dé e. Nígbà tí ojú rẹ̀ ń dán bí bàbà, tí ìfófòó búlúù kó jọ sí àárín, tí omi abẹ́ rẹ̀ sì pọ́n bí àgbo, mo mọ̀ pé aró ti ṣetán.

Iṣẹ́ tí mo fún wọn lọ́jọ́ kìíní rèé: ẹ mú nǹkan kan wá láti ilé tàbí àdúgbò yín, nǹkan tí olùkọ́ yín kò ní mọ ìtumọ̀ rẹ̀ àfi tí ẹ bá sọ fún un. Ẹ fi èédú yà á nígbà 20. Ẹ máa dín in kù títí yóò fi wọ inú igun mẹ́rin kan. Ẹ wá sọ ọ́ lórúkọ. Mo tẹ́ àdìrẹ kan tí à ń pè ní Ìbàdàndùn sílẹ̀ kí wọ́n rí i, àwọn òpó Gbọ̀ngàn Mápó tó tò bẹẹrẹ pẹ̀lú ṣíbí láàárín wọn. Mo ní odidi ìlú ló wà nínú aṣọ yìí, àwọn obìnrin tó sì ń yà á kò bi ẹnikẹ́ni bóyá Mápó tó ohun tí à ń yà sára aṣọ.

Lọ́jọ́ kejì, orí tábìlì kún. Ọmọbìnrin kan mú ife wọ́ọ̀tà áìsì wá, omi dídì aládùn tí gbogbo ọmọ Philadelphia ń lá nígbà ooru. Òmíràn mú sísọ́ọ̀sì ìyá àgbà rẹ̀. Ẹnì kan ya bí wọ́n ṣe ń di irun àbúrò rẹ̀, ó sì ka ìlà rẹ̀ láìfo ọ̀kan. Ọmọkùnrin kan láti North Philadelphia, tí kì í fẹ́ sọ̀rọ̀, kò mú nǹkan kan dání. Ó ní àtẹ̀gùn iwájú ilé àwọn lòun fẹ́ yà, kò sì ṣeé gbé.

Mo se láfún pẹ̀lú álọ́ọ̀mù díẹ̀ títí ó fi ki bí ẹ̀kọ mímu, mo fi aṣọ sẹ́ ẹ kó má ní kókó. Ìyẹ́ kì í ṣe pẹ́ńsùlù, ibẹ̀ ló ti kọ́kọ́ yọ wọ́n lẹ́nu. Bí o bá tẹ̀ ẹ́, yóò pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ, ìlà rẹ̀ á fọ́. Ńṣe lo máa rì ṣónṣó rẹ̀ bọ inú ẹ̀kọ, kó o wá jẹ́ kó máa wọ́ ara rẹ̀ lọ lórí aṣọ, bí ìgbà tí èèyàn ń fi ìka yẹ irun ọmọ tó ń sùn. Mo di ọwọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn mú fún ìlà kan, mo sì jù ú sílẹ̀.

Ibi tí mo ti ṣàṣìṣe ni gbígbẹ aṣọ. Mo fi oòrùn Abẹ́òkúta wọn ti Philadelphia. Atẹ́gùn oṣù keje níbí kún fún omi. Ojú ẹ̀kọ náà gbẹ lẹ́yìn ọjọ́ kan, inú rẹ̀ ṣì tutù, n kò sì fi èékánná yẹ̀ ẹ́ wò. Aṣọ márùn-ún tí a kọ́kọ́ rì bọ aró, gbogbo ẹ̀kọ ara wọn ló ṣí sínú omi. Wọ́n jáde ní búlúù gbalaja láìní àmì kankan. Ọmọ onísísọ́ọ̀sì bú sẹ́kún. Mo sọ fún gbogbo wọn pé ẹ̀bi mi ni, mo sọ ohun tó fà á, mo sì ra fáànù méjì lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ méjì gbáko ni a fi gbẹ ìkejì. Mo rò pé ó dára bí wọ́n ṣe rí i pé olùkọ́ lè bà nǹkan jẹ́, kó sọ ọ́ síta, kó sì tún un ṣe.

Ọjọ́ tí ìkejì yìí yọrí sí rere, mi ò lè gbàgbé rẹ̀. Aṣọ kò gbọ́dọ̀ pẹ́ nínú aró kí ẹ̀kọ má baà rọ̀, nítorí náà a ń rì í fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, a ń fà á jáde, a ń fi sínú afẹ́fẹ́, a tún ń dá a padà. Bó bá kọ́kọ́ jáde, ó ń wò ní àwọ̀ ewé bí ẹ̀fọ́ tútù. Lẹ́yìn náà ni búlúù á bẹ̀rẹ̀ láti etí aṣọ, á máa rìn bọ̀ wá sí àárín níṣojú ẹni. Ọmọkùnrin kan wà láàárín wọn tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Ìjẹ̀bú-Òde, tó gbọ́ Yorùbá àmọ́ tó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń dáhùn. Ó pariwo: "Àǹtí, ó ń yí padà o!" Yorùbá àkọ́kọ́ tó bọ́ lẹ́nu rẹ̀ ní kíláàsì nìyẹn.

A wá dé ibi tí mo tìtorí rẹ̀ wá. Ní iléèwé iṣẹ́ ọnà, wàá gbé iṣẹ́ rẹ kọ́ sára ògiri, olùkọ́ àti gbogbo kíláàsì á yí i ká, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ lé e lórí. Crit ni wọ́n ń pè é. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni kò tíì rí i rí kí wọ́n tó wọlé, ẹni tó sì ti rí i rí ń lo èdè tí ẹni tí kò rí i rí kò gbọ́. Òfin mẹ́ta ni mo fi lélẹ̀. Oníṣẹ́ á kọ́kọ́ dákẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí àwọn yòókù sọ ohun tí ojú wọn rí. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sọ pé ó dára tàbí kò dára láìfi ọwọ́ kan ibi tó ń wí. Lẹ́yìn náà ni oníṣẹ́ yóò sọ̀rọ̀, kò sì gbọ́dọ̀ fi ẹ̀bẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ alátẹ̀gùn ló ṣe ìkẹrin. Kò tíì dé ìdí ògiri tó fi ní, "Kì í ṣe nǹkan kan, àtẹ̀gùn lásán ni." Mo ní kó dákẹ́ ná. Ọmọ kan ní òun rí eyín òòyà. Òmíràn fi ìka tọ́ ìlà tó wà lókè, ó ní ìdí wo ni ọ̀kan fi kúrú ju àwọn tó kù lọ ní gbogbo igun mẹ́rin náà, ṣé ìyẹ́ ló yẹ̀ mọ́ ọ lọ́wọ́ ni? Ara ọmọ náà kò balẹ̀ mọ́. Nígbà tí ìṣẹ́jú márùn-ún pé, ó sọ ọ́ gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nínú rẹ̀. Àtẹ̀gùn mẹ́ta ló wà níwájú ilé wọn. Ibẹ̀ ni ìyá àgbà rẹ̀ máa ń jókòó pa ẹ̀wà tútù lálẹ́. Ẹ̀kẹta ti kán láti ìgbà tó ti wà ní kékeré, onílé kò tún un ṣe, gbogbo ilé ló sì mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ẹsẹ̀ fò ó nínú òkùnkùn. Ó ní òun mọ̀ọ́mọ̀ gé ìlà náà kúrú ni. Yàrá dákẹ́ rọ́rọ́. Ọmọ tó ní ó jọ òòyà ní kó tún aṣọ náà gbé sún mọ́ òun. A ṣe crit bẹ́ẹ̀ nígbà mẹ́fà kí ọ̀sẹ̀ kẹta tó parí, nígbà tó yá mo ké sí àwọn olùkọ́ tí àwọn ọmọ kò mọ̀ rí láti wá béèrè ọ̀rọ̀ líle.

Ọ̀rọ̀ owó kò gùn, àmọ́ ó ṣe kókó. Mo gba ìwé èròjà ọdún kìíní, mo ṣírò rẹ̀ ní ìsọ̀: ó ju 400 dọ́là lọ. A jókòó, a pín in sí èyí tí wọ́n gbọ́dọ̀ rà báyìí, èyí tí ẹni méjì lè jọ lò, àti èyí tó lè dúró di oṣù kẹwàá. Lẹ́tà ìrànwọ́ owó wọn náà, mo ka ti ẹnì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú rẹ̀. Ojú ewé kan náà ni wọ́n to gbogbo rẹ̀ sí bíi pé ẹ̀bùn ni. Pell Grant, ẹ̀bùn owó ìjọba àpapọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ tí kò rí já jẹ, o kì í san án padà. Owó yíyá ń padà pẹ̀lú èlé. Work-study, owó iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe nígbà tó ń kàwé, kò sí lápò rẹ títí wàá fi ṣiṣẹ́ fún un. Ọmọ mẹ́rin ló rò pé owó yíyá tó wà nínú lẹ́tà wọn, ẹ̀bùn ni.

Ọ̀sẹ̀ kẹta, mo kó wọn lọ sí Philadelphia Museum of Art láti rí The Annunciation, àwòrán ìgbà tí áńgẹ́lì wá bá Màríà, tí Henry Ossawa Tanner, ayàwòrán Aláwọ̀dúdú, yà ní 1898. Ìlú yìí náà ni Tanner ti kàwé, ní nǹkan bí ọdún 1880, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òun nìkan ni Aláwọ̀dúdú láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ iléèwé rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n jọ wà níléèwé kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn gbé ọmọ Aláwọ̀dúdú kan jáde lálẹ́, àwọn so ó mọ́ igi tó fi ń gbé àwòrán rẹ̀ dúró ní Broad Street. Tanner ni àwọn onítàn gbà pé ó jẹ́. Ó lọ sí Paris ní 1891. Nínú àwòrán náà, Màríà jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì tí aṣọ rẹ̀ wún wúruwùru, ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ jáde; áńgẹ́lì kò ní ìyẹ́, ìmọ́lẹ̀ gbọọrọ kan ṣoṣo ni. Àwọn ọmọ mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n ń yà á. Níbẹ̀ ni mo ti sọ ti Augusta Savage fún wọn, obìnrin Aláwọ̀dúdú tó ń ṣe ère, ẹni tí àwọn ìgbìmọ̀ Amẹ́ríkà kọ̀ ní 1923 láti lọ sí iléèwé ìgbà ooru ní Fontainebleau nílẹ̀ Faransé nítorí àwọ̀ rẹ̀. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé ìròyìn, kò gbé e mì. Ó padà di olùkọ́ ní Harlem, òun ló sì ran Jacob Lawrence lọ́wọ́ láti rí iṣẹ́ ìjọba tó fi jẹun gẹ́gẹ́ bí ayàwòrán. Lawrence yìí kan náà ló kó àwòrán rẹ̀ wá sí Nàìjíríà ní 1962, tó tún padà wá gbé níbẹ̀ fún oṣù bíi mélòó kan ní 1964. Ọmọ Ìjẹ̀bú wò mí títí. Kò sí ẹni tó sọ fún un rí.

Ọjọ́ Jímọ́ tó kẹ́yìn, a kọ́ aṣọ 13 sí gbọ̀ngàn, àwọn ẹbí sì wá. Ìyá àgbà ọmọ onísísọ́ọ̀sì dúró ti aṣọ náà fún ìgbà pípẹ́. South Carolina ni ìdílé wọn ti wá sí Philadelphia, ilẹ̀ tí wọ́n ti fi àwọn ẹrú Áfíríkà gbin èlú ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún. Wọ́n ní lọ́hùn-ún, búlúù ni ìyá àwọn máa ń kùn sí férémù ilẹ̀kùn kí òkú má baà wọlé. Wọ́n bi mí bóyá bẹ́ẹ̀ ló rí nílẹ̀ wa. Mo ní tiwa yàtọ̀, aṣọ la fi ń wọ̀ ọ́, mo sì sọ fún wọn pé bí aró bá bàjẹ́, Ìyá Mọ̀pó, òrìṣà iṣẹ́ ọwọ́ àwọn obìnrin, ni àwọn aláró àtijọ́ máa ń ké pè. Wọ́n ní kí n tún orúkọ yẹn pè. Wọ́n pè é tẹ̀lé mi lẹ́ẹ̀mẹta.

Wọ́n ti ní kí n padà wá lọ́dún tó ń bọ̀. Èmi náà ti ní ohun tí mo fẹ́ yí padà: ká ya ẹ̀kọ lọ́jọ́ Ajé kó lè gbẹ kó tó di Ọjọ́rú, kí iléèwé fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní owó bọ́ọ̀sì láti ọjọ́ kìíní torí pé ẹni méjì ń fi ẹsẹ̀ rìn wá láìsọ, kí wọ́n sì fi ìwé èròjà ránṣẹ́ sí àwọn òbí nínú oṣù karùn-ún. Ọmọ alátẹ̀gùn ní òun á wá bá mi kọ́ àwọn tó ń bọ̀. Mo ti ní kó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ìyẹ́.