Bí Ìwé Ìtàn Àròsọ Mi Ṣe Gba Owó Ìtẹ̀wé Lẹ́ẹ̀mejì

₦510,000 ni mo ná lórí ìwé kan tí a ti ṣírò sí ₦280,000, ohun tí ó sì fa àfikún owó náà kò ju àmì ohùn lọ. Mo ń kọ èyí nítorí pé inú ṣì ń bí mi, àti nítorí pé mo mọ̀ pé àwọn mìíràn wà ní Ìjẹ̀bú àti ní Rẹ́mọ tí wọ́n ń kọ ìtàn àròsọ abàmì lọ́wọ́ ní èdè Yorùbá, irú èyí tí iwin, ẹbọra àti ọmọ ènìyàn jọ ń ná ọjà kan náà, tí wọn kò sì tíì mọ ohun tí ojú wọn lè rí ní ilé ìtẹ̀wé.

Ọjà Inú Yàrà ni mo pe ìwé náà. Yàrà tí mo ń wí ni kòtò jíjìn tí àwọn baba ńlá wa gbẹ́ yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká, tí wọ́n sì fi erùpẹ̀ rẹ̀ mọ odi, èyí tí gbogbo wa mọ̀ mọ́ orúkọ Bílíkísù Sùngbọ́. Ó gùn ju 160 kìlómítà lọ, àwọn ibì kan sì wà nínú rẹ̀ tí ó jẹ́ pé láti ìsàlẹ̀ kòtò dé orí odi tó 20 mítà. Mo sọ̀ kalẹ̀ sínú rẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Ilẹ̀ pupa ni lọ́tùn-ún lósì, ó rin fún omi, gbòǹgbò igi yọ jáde lára rẹ̀ bí ìka ọwọ́, ewé sì ti pàdé lókè débi pé ìmọ́lẹ̀ tí ó ń dé ìsàlẹ̀ kò ju ti ìrọ̀lẹ́ lọ. Ibẹ̀ ni ó ti sọ sí mi lọ́kàn pé ọjà kan ń ná nísàlẹ̀ yìí lóru, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń ta òjìji ara wọn.

N kò ní sọ púpọ̀ lórí bí mo ṣe kọ ọ́. Aago mẹ́rin ìdájí ni mo máa ń jí kí n tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti ń kọ́ni, oṣù 14 ni ó sì gbà mí. Ohun kan tí mo fi tọkàntọkàn ṣe ṣáájú ni pé mo padà lọ ka Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà gbé jáde ní 1938, pẹ̀lú bírò lọ́wọ́, kì í ṣe bí a ti í kà á fún ìdánwò. Mo rí i pé orúkọ ni ó ń ṣe ìdajì iṣẹ́ níbẹ̀: kí Olóhùn-iyọ̀ tó la ẹnu kọrin, a ti mọ̀ pé ohùn rẹ̀ yóò dùn, kí Ìmọ̀dóyè sì tó gbani nímọ̀ràn, a ti mọ ohun tí ó wà lórí rẹ̀. Èmi náà wá fara balẹ̀ sọ àwọn ẹ̀dá inú ìtàn mi lórúkọ. Olójìji ni alágbára ọjà náà, ẹni tí ó ń ra òjìji. Ọmọbìnrin tí ó lọ gba òjìji bàbá rẹ̀ padà ni Ẹfúnkẹ́mi. Mo fi àmì sí gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, inú mi sì dùn sí i, ó ṣì ń dùn sí i di òní.

Ilé ìtẹ̀wé ni ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ. Mo fẹ́ kí ẹ̀dà 100 wà lọ́wọ́ mi kí Ojúde Ọba tó dé, nígbà tí àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú láti ilé àti láti ẹ̀yìn odi yóò pé sí Ìjẹ̀bú-Òde, nítorí náà mo ti san gbogbo owó ṣáájú. Ẹni tí ó ń to ìwé lórí kọ̀ǹpútà fi àwòrán ojú ìwé àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, ó mọ́ tónítóní, mo sì dá a lóhùn pé kí ó máa bá a lọ. N kò mọ̀ pé orí kọ̀ǹpútà mìíràn ni yóò ti to ìyókù, àti pé fọ́ńtì, ìyẹn irú àwòrán lẹ́tà, tí mo fi kọ ìwé náà kò sí lórí ìyẹn.

Ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú Ojúde Ọba ni wọ́n já páálí ìwé náà. Ẹ̀yìn ìwé dára, àmì pé lórí rẹ̀, mo sì gbé e mọ́ àyà. Ìgbà tí mo ṣí ojú ìwé kẹsàn-án ni ọwọ́ mi rọ. Àpótí kéékèèké òfìfo ni ó wà níbi tí ọ̀pọ̀ ẹ́ àti ọ̀ yẹ kí ó wà. Níbòmíràn, àmì ti fò kúrò lórí lẹ́tà tirẹ̀ lọ bà lé èyí tí ó tẹ̀ lé e. Láti orí kẹta lọ, ẹni náà ti rí i pé àpótí ń yọ, ó sì pa gbogbo àmì rẹ́ láìbi mí, ó fi í sílẹ̀ ní òfìfo bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí mo padà lọ bá wọn, ọ̀gá wọn wí pé, “Àǹtí, ẹ má bínú. Yorùbá ṣáà ni. Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá á kà á bẹ́ẹ̀.”

Ọ̀rọ̀ yìí ni ó dùn mí ju owó lọ, nítorí náà mo gbé ẹ̀dà kan lọ sí Ṣàgámù, sọ́dọ̀ bàbá kan tí ó ti kọ́ni ní Yorùbá títí ó fi fẹ̀yìn tì, mo sì ní kí wọ́n bá mi kà á sókè. Wọ́n fi gíláàsì wọn sójú, wọ́n kà pé Ẹfúnkẹ́mi sọ̀ kalẹ̀ sínú yàrá. Wọ́n dúró, wọ́n ní, “Ṣé yàrá yìí wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ ni?” Nígbà tí wọ́n dé ibi tí alágbára ọjà ti yọ sí i, Olójijì ni wọ́n pè é, bí ẹni tí ó máa ń dé ní òjijì, wọ́n sì bi mí ìdí tí mo fi pè é bẹ́ẹ̀ nígbà tí ó jẹ́ pé jẹ́jẹ́ ni ó ń rìn káàkiri inú ọjà. Olùkọ́ Yorùbá nìyẹn o. Bí ó bá jẹ́ ìtàn nípa ilé ọkọ àti orogún ni, òye ohun tí a mọ̀ yóò ran òǹkàwé lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀dá tí ẹnikẹ́ni kò rí rí, tí èmi fúnra mi fi èrò orí dá, kí ni òǹkàwé yóò fi mọ orúkọ rẹ̀ bí kì í bá ṣe àmì tí ó wà lórí rẹ̀?

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi tún fáìlì náà ṣe. Mo wá mọ̀ pé nínú Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà, ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn, é àti è náà ní tiwọn, ṣùgbọ́n ẹ́ tàbí ọ̀ kò ní nọ́ńbà ẹyọ kan: lẹ́tà ni a ń kọ́kọ́ tẹ̀, a ó wá fi àmì lé e lórí lọ́tọ̀. Fọ́ńtì tí kò bá ní àmì náà ni ó ń sọ ọ́ di àpótí, èyí tí kò bá sì mọ ibi tí yóò gbé e kà ni ó ń jẹ́ kí ó fò lọ sórí lẹ́tà mìíràn. Bákan náà, nítorí pé mo kọ apá kan lórí fóònù, mo sì kọ apá kejì lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n gbà to orúkọ kan náà, kọ̀ǹpútà sì kà wọ́n sí ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Mo ní kí kọ̀ǹpútà wá Ẹfúnkẹ́mi fún mi, ó rí 38. Mo fi ojú ara mi kà á, ó jẹ́ 63. Ọwọ́ ni mo fi tẹ àwọn 25 tí ó kù, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Charis SIL ni fọ́ńtì tí mo padà lò. Ọ̀fẹ́ ni, kò sì ta àmì Yorùbá kankan nù. Èmi fúnra mi ni mo sọ ìwé náà di PDF, tí mo rí i dájú pé fọ́ńtì náà wà nínú rẹ̀, mo sì kọ̀ jálẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tún un tò. Ilé ìtẹ̀wé yọ ₦50,000 kúrò, mo sì san ₦230,000. Ní ìgbà yìí, ìdajì ni mo kọ́kọ́ san. Mo ní kí wọ́n tẹ odindi ẹ̀dà kan ṣoṣo, mo jókòó sí ṣọ́ọ̀bù wọn láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀, mo fọwọ́ sí ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, mo sì to gbogbo orúkọ inú ìtàn sínú bébà kan tí mo ń fi wé e. Ojú ìwé méjì péré ni mo dá padà. Ìyẹn ni ó yẹ kí n ti ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, ohun kan ṣoṣo yìí ni mo sì ń bẹ ẹnikẹ́ni tí ó bá ń múra láti tẹ̀wé pé kí ó ṣe, kí ó tó ya kọ́bọ̀ ìkẹyìn sílẹ̀.

Ojúde Ọba ti kọjá kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ tán. ₦4,000 ni mo ń ta ẹ̀dà kan, nítorí náà, bí gbogbo ẹ̀dà 100 bá tilẹ̀ tà, ₦110,000 ti wọlẹ̀. Mo tún gbé ọ̀kan lọ sí Ṣàgámù. Bàbá ṣí i, wọ́n kà pé Ẹfúnkẹ́mi sọ̀ kalẹ̀ sínú yàrà, wọn kò dúró béèrè ohunkóhun, wọ́n kà á títí iná fi lọ, wọ́n sì ní kí wọ́n bá àwọn gbé àtùpà wá.